Spíkà tòkunbọ̀ tí mo rà l'Alaba: ṣé MUSON lè wọ pálọ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó rí ní MUSON, gbọ̀ngàn orin tó wà l'Ónìkan l'Ékòó, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, olórin á ti panu dé, ohùn ẹ̀ á ṣì máa rìn káàkiri lókè orí yín kó tó rọra kú. Nǹkan tí mò ń wá sínú pálọ̀ mi nìyẹn. Home theatre onírọ́bà ni mò ń lò tẹ́lẹ̀, ó ń mi ògiri lóòótọ́, àmọ́ téèyàn bá gbé jùjú sí i, gángan á máa dún bí ẹni ń lu páálí.

Ni mo bá gba Alaba lọ, mo ra spíkà Wharfedale Diamond tòkunbọ̀ méjì, àwọn kékeré tó ń jókòó sórí sítáàndì, pẹ̀lú ámpílífáyà sìtẹ́rió lásán, kò sí sub, ìyẹn spíkà ńlá tó ń gbé báàsì jáde, kankan. Ìsọ̀ tí mo kọ́kọ́ yà fẹ́ gbé èyí tí twítà ẹ̀, ìyẹn spíkà kékeré inú ẹ̀ tó ń gbé ohùn òkè jáde, ti jó fún mi, torí náà ẹ mú orin tẹ́ ẹ mọ̀ dunjú lọ lórí fóònù, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó sanwó o. Ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn yìí ò ṣàjèjì sí Wharfedale ṣá, Gilbert Briggs tó dá a sílẹ̀ ní 1932 gbé spíkà lọ sí Royal Festival Hall ní London ní 1954, olórin lórí ìtàgé, rẹ́kọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, káwọn èèyàn fi etí ara wọn ṣèdájọ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, inú mi ò dùn rárá. Mo ti gbé e mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn, báàsì ń hó bùù bùù. Nígbà tí mo fà á síwájú ní nǹkan bíi fíìtì méjì, tí mo jẹ́ kí àyè àárín àwọn méjèèjì bá àyè tó wà láti ọ̀dọ̀ wọn dé ibi tí mo jókòó sí dọ́gba, tí mo yíjú wọn sí mi díẹ̀, tí mo tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sórí táìsì tí mo sì fi kọ́tìnnì tó nípọn bo fèrèsé, háà! Ẹ wò ó, nínú gbọ̀ngàn ńlá, ohùn á rìn jìnnà kó tó padà, ó lè tó ìṣẹ́jú àáyá méjì kó tó parẹ́, àmọ́ ní pálọ̀ kékeré, kíá ló ti bá táìsì padà wá da orin rú. Ẹ pa ariwo yàrá yín, ti gbọ̀ngàn tó wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù á jáde.

Ní báyìí gángan wà lápá òsì, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀tún, olórin dúró láàárín níbi tí kò sí spíkà kankan. Màmá mi ń wo ibẹ̀ ṣáá, wọ́n ní ibo ni ọkùnrin yẹn wà.

Kò tíì pé o. Ìlù ńlá ò lù mí láyà bíi ti gbọ̀ngàn, spíkà kékeré kankan ò lè ṣe ìyẹn, màá wá sub kan kún un. Jẹnẹrétọ̀ àdúgbò sì ń bà á jẹ́ gan-an, torí ìdákẹ́jẹ́ gbọ̀ngàn wà lára orin. Aago mọ́kànlá alẹ́ ni mò ń gbọ́ tèmi, lórí inverter, tí gbogbo wọn bá ti pa jẹnẹrétọ̀ wọn.