Ápù Bramley: ẹ sè é kí ẹ tó tọ́ ọ wò

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń ra ápù Bramley ní Nottingham níbí, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lóṣù kẹwàá tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ká a. Kílò mẹ́ta ni mo rà lọ́tẹ̀ yìí. Ó tóbi, ẹyọ kan kún ọwọ́ mi. Àwọ̀ rẹ̀ rí bíi ti ewé, ó pọ́n díẹ̀ níbi tí oòrùn ti pa á.

Ẹ má gé e jẹ bẹ́ẹ̀ o! Lọ́dún àkọ́kọ́ mo gé e jẹ, eyín mi sì kan títí di alẹ́. Àgbálùmọ̀ tí kò pọ́n kò kan tó o.

Àmọ́ kíkan yẹn gan-an ni mo ṣe ń rà á. Mo bó méjì, mo gé e wẹ́wẹ́ sínú ìkòkò, mo bu omi díẹ̀ àti ṣúgà ṣíbí méjì sí i, mo sì gbé e ka iná kékeré. Kò pẹ́ tó fi fọ́ yángá, tó wú, tó rí bí ìfófó. Ápù dídùn kì í ṣe bẹ́ẹ̀: bí ẹ bá sè é, ńṣe ni yóò dúró ní ègé, ṣúgà nìkan lẹnu á sì mọ̀. Ti Bramley ṣì ń ta lẹ́nu lẹ́yìn iná. Mo bu ú sórí ògì gbígbóná fún ọmọ mi, ó lá abọ́ náà mọ́ tónítóní.

Ìlú Southwell tó wà nítòsí wa ló ti ṣẹ̀. Lọ́dún 1809, ọmọbìnrin kan, Mary Ann Brailsford, gbin kóró ápù sí ọgbà ilé wọn, ó sì hù di igi. Lọ́dún 1846, alápatà kan, Matthew Bramley, ra ilé náà. Nígbà tí Henry Merryweather, tó ń gbin igi tà, wá tọrọ ẹ̀ka lára igi náà láti máa tà lọ́dún 1856, Bramley gbà, bí wọ́n bá lè fi orúkọ òun pè é. Bí orúkọ ẹni tó gbìn ín kò ṣe sí nínú rẹ̀ dùn mí púpọ̀. Ìjì wó igi náà lọ́dún 1900, ó tún rú. Ẹ̀ka rẹ̀ tí wọ́n ń gé lẹ̀ mọ́ ìdí igi mìíràn ni gbogbo Bramley ayé ti wá.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín, kó mọ̀ pé ó gba àyè, lẹ́búlẹ́bú òdòdó rẹ̀ kò sì wúlò fún igi míì. Irú ápù méjì mìíràn ló yẹ kó wà nítòsí kí gbogbo wọn tó lè so dáadáa.

Méjì nínú tèmi ti fara gbọgbẹ́, mo tètè sè wọ́n. Mo fi ìwé ìròyìn wé ìyókù lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kó wọn síbi tútù. Ti èṣí bá mi dé oṣù kejì.