Charting ilẹ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: ìdajì ìdáhùn ni wọ́n ń tà

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, Òdògbólú tàbí Ṣàgámù, charting ni wọ́n á kọ́kọ́ ní kó lọ ṣe. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ á gba nọ́ńbà igun ilẹ̀, á gbé e lé máàpù ìjọba l'Abẹ́òkúta, á sì sọ bóyá ó bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà (acquisition). Iṣẹ́ tó dára ni, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù: nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ náà, ta ni wọ́n sanwó rẹ̀ fún?

Apá àkọ́kọ́, ìyẹn wíwọn igun ilẹ̀, ni àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ti mọṣẹ́ jù. Ẹni tó mọṣẹ́ á dé orí ilẹ̀ fúnra rẹ̀, á gbé ẹ̀rọ GPS ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta sórí pílà kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń fi fóònù kà á ló ń ba nǹkan jẹ́. Fóònù ń lo WGS84, ètò ìwọ̀n tí GPS ń lò káàkiri ayé; máàpù àtijọ́ tiwa sì wà lórí Minna, ètò ìwọ̀n àtijọ́ ti Nàìjíríà. Bí wọn ò bá yí nọ́ńbà náà padà, ilẹ̀ á fi nǹkan bí 100 mítà yẹ̀. Pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 × 120 kò sì gùn tó mítà 40. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò fún yín yẹn.

Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ológun, tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ńkọ́? Máàpù ìpínlẹ̀ nìkan ò tó níbẹ̀, nítorí abala 49 Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 ya ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀. Ẹ ní kí wọ́n wádìí lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀ náà. Abala 28 sọ pé bí ìjọba àpapọ̀ bá nílò ilẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, Gómìnà ni yóò fagi lé ẹ̀tọ́ onílẹ̀. Ọwọ́ kan ló ń fọwọ́ sí i, ọwọ́ mìíràn ló ń lò ó, èmi-kọ́-ìwọ-ni lórí owó sì rọrùn láti bẹ́ sílẹ̀.

Owó gbà-má-bínú tí ìjọba ń san fún onílẹ̀ náà ní òfin tirẹ̀, abala 29. Ilẹ̀ lásán: owó ilẹ̀ (ground rent) tí onílẹ̀ san fún ìjọba lọ́dún tí wọ́n gbà á, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé: iye tí wọ́n á fi kọ́ ọ tuntun, kí wọ́n yọ iye tó ti gbó kúrò, pẹ̀lú èlé báńkì bí owó bá pẹ́. Irè oko: iye tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá dá lé e. Ní Rẹ́mọ, obì gbànja ni ẹjọ́ máa ń dá lé. Ka igi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o ya fọ́tò rẹ̀, kí o sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí iye rẹ̀ kí kátápílà tó wọlé. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti hú u tán, kò sí ẹni tó máa ka kùkùté.

Abala kan náà yìí fàyè gba kí owó ilẹ̀ àjùmọ̀ní lọ sọ́wọ́ olórí. Ibẹ̀ ni ẹbí ti máa ń fọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ Apapa l'Ékòó, wọ́n ní ìwọ̀nba ẹ̀tọ́ olórí nìkan ni àwọn máa san fún Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání. Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tó ga jù fún àwọn ilẹ̀ amúnisìn, sọ lọ́dún 1921 pé ilẹ̀ àwùjọ ni, owó rẹ̀ ní kíkún ni kí wọ́n san.

Nítorí náà, ẹ má gba àbọ̀ ẹlẹ́yọ ìlà kan tó ní "ó wà nínú acquisition." Ẹ béèrè fún orúkọ ìwé tó gbà á, ọdún rẹ̀, àkọsílẹ̀ owó tí wọ́n san, àti orúkọ ẹni tó tọwọ́ bọ̀wé. Bí ẹbí kan náà bá ti gbowó tẹ́lẹ̀, tí wọ́n tún ń tà á fún yín, ìwé yẹn ló máa tú wọn fó. Bí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ bá ní àwọn kì í ṣe apá yẹn, ẹ dín owó iṣẹ́ rẹ̀ kù, kí ẹ fi ìyókù gba lọ́yà.