Áńtíbọ́dì MJF-R21 fún Rab10: Ojú Rẹ̀ Mú, Àmọ́ Ó Níbi Tó Ti Ń Ríran

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá LRRK2, kinase (ẹ́ńsáìmù tó ń lẹ phosphate mọ́ purotéènì mìíràn) tí ìyípadà nínú jíìnì rẹ̀ ń fa àrùn Parkinson, ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, áńtíbọ́dì (purotéènì tó ń dá ohun kan mọ̀, tó sì ń lẹ̀ mọ́ ọn) tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ nawọ́ sí ni MJF-R21. Àjọ Michael J. Fox Foundation àti àwọn onímọ̀ Yunifásítì Dundee ló wà nídìí iṣẹ́ náà, ìwé tó ṣàlàyé rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2018. Áńtíbọ́dì ehoro ni, àmọ́ jíìnì tí wọ́n ti mọ̀ tinú tẹ̀yìn ni wọ́n fi ń ṣe é, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ẹranko, nítorí náà ìgò tí ẹ rà lónìí kò yẹ kó yàtọ̀ sí èyí tí ẹ máa rà lẹ́yìn ọdún méjì. Ibì kan ṣoṣo ló ń lẹ̀ mọ́: Thr73 (threonine tó wà ní ipò 73) lórí purotéènì Rab10, nígbà tí phosphate bá wà níbẹ̀ nìkan.

Ibẹ̀ kì í ṣe ibi yẹpẹrẹ. Àwọn purotéènì Rab, tí wọ́n lé ní 60 nínú ara ènìyàn, ló ń pinnu ibi tí ọ̀kẹ́ ẹrù kọ̀ọ̀kan nínú sẹ́ẹ̀lì máa já sí. Nígbà tí GTP (èròjà kékeré tó ń tan Rab) bá wà lọ́wọ́ Rab, orí awọ inú sẹ́ẹ̀lì ló máa ń wà, tó ń ṣiṣẹ́. Tí GTP bá di GDP, tó ń pa á, purotéènì kan tó ń jẹ́ GDI á wá fà á kúrò, á gbé e lọ síbi tí wọ́n tún ti máa lò ó. Thr73 wà lójú ibi tí GDI ti ń di Rab10 mú gan-an. Ọdún 2016 ló hàn gbangba pé LRRK2 ń fi phosphate síbẹ̀. Bí phosphate bá ti débẹ̀, GDI kò rí Rab10 dì mú mọ́, á jókòó pa sórí awọ, á sì lọ lẹ̀ mọ́ purotéènì mìíràn, RILPL1, àwọn méjèèjì kò sì ní jẹ́ kí irun kékeré tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbọ́ ìròyìn láti ìta hù dáadáa. Nítorí náà, iṣẹ́ tí kinase ṣe ni ìlà tí ẹ rí lórí blot (àyẹ̀wò tó ń ya purotéènì sọ́tọ̀ nínú jẹ́ẹ̀lì, kí áńtíbọ́dì tó fi wọ́n hàn bí ìlà) ń sọ, kì í ṣe iye kinase tó wà nílẹ̀. Ohun tí ẹ ń sanwó fún nìyẹn.

Ẹ má fi áńtíbọ́dì mìíràn, MJF-R20, rọ́pò rẹ̀. Orúkọ wọn jọra, iṣẹ́ wọn ò jọra. Thr72 lórí Rab8A ni wọ́n ṣe MJF-R20 fún, ṣùgbọ́n ó tún ń mú Rab3A, Rab10, Rab35 àti Rab43 tó ní phosphate. Ó wúlò bí ẹ bá fẹ́ wo gbogbo wọn pa pọ̀, kò wúlò bí ẹ bá fẹ́ dárúkọ ẹyọ kan. MJF-R21 ò ní wàhálà yìí lórí blot: nínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti yọ jíìnì Rab10 kúrò, ìlà náà á pòórá.

Lílò rẹ̀ kò le. 1 µg sí mílílítà kan ni, nínú BSA (purotéènì láti ara ẹ̀jẹ̀ màlúù) 5%, kó sùn mọ́jú ní 4°C. Ẹ lè fi wàrà 5% bo ojú nitrocellulose (ègé pẹlẹbẹ tí ẹ gbé purotéènì inú jẹ́ẹ̀lì lé) tẹ́lẹ̀, àmọ́ ẹ ṣàn án dáadáa kí áńtíbọ́dì tó dé ibẹ̀, torí casein, purotéènì inú wàrà, ní phosphate tirẹ̀. Ẹ kó 20 sí 30 µg purotéènì sínú ihò kọ̀ọ̀kan nínú jẹ́ẹ̀lì 4–12%. Rab10 máa ń dúró sí nǹkan bí 23 kDa (òṣùwọ̀n bí purotéènì ṣe tóbi tó), LRRK2 wà lókè ní 286 kDa, ẹ lè gé nitrocellulose náà ní 75 kDa kí ẹ lo òkè fún LRRK2, ìsàlẹ̀ fún Rab10. Ẹ da áńtíbọ́dì eku fún àpapọ̀ Rab10 pọ̀ mọ́ ti ehoro yìí lórí ègé kan náà, kí ẹ fi àwọ̀ méjì tó ń tàn kà wọ́n. Tí ẹ bá pín in sórí blot méjì, àìdọ́gba gbígbé purotéènì kúrò nínú jẹ́ẹ̀lì á wọ inú èsì yín.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù kò sí nínú ìgò áńtíbọ́dì rárá, ìgbà tí ẹ ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì ni. Ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ PPM1H ló ń yọ phosphate yìí kúrò. Microcystin-LR, oògùn ìdènà tó wà nínú bọ́fà (omi tí ẹ fi ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì), á dá PP1 àti PP2A, àwọn ẹ́ńsáìmù mìíràn tó ń yọ phosphate, dúró, àmọ́ ìdílé mìíràn ni PPM1H ti wá, kò ka microcystin sí. Mẹ́tàlì bíi magnesium ló fi ń ṣiṣẹ́, nítorí náà EDTA tó ń gba mẹ́tàlì náà mọ́ ọn lọ́wọ́, yìnyín àti ìyára ọwọ́ ni ààbò yín. Neutrophil, irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan inú ẹ̀jẹ̀, tún ní ìṣòro tirẹ̀. LRRK2 àti Rab10 pọ̀ nínú rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó dára fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ó kún fún ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ purotéènì, èyí tí oògùn ìdènà tó wọ́pọ̀ kò ká. Oògùn ìdènà mìíràn, DIFP 0.5 mM nínú bọ́fà, ló ń ká a. Májèlé tó ń ba iṣan tó ń gbé ìròyìn nínú ara (nerve) jẹ́ ni DIFP: inú àpótí tó ń fa afẹ́fẹ́ síta ni kí ẹ ti ṣí i, ẹ má dá nìkan ṣe é.

Ẹ má gba ìlà kankan gbọ́ láìsí MLi-2, oògùn tó ń dá LRRK2 dúró. Ẹ pín sẹ́ẹ̀lì sí méjì, kí apá kan gba DMSO (omi tí wọ́n fi ń po oògùn náà) nìkan, kí ìkejì gba MLi-2 200 nM fún ìṣẹ́jú 30. Ohun tí MLi-2 mú lọ ni ti LRRK2, ohun tó ṣẹ́ kù kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá fo èyí kò tíì wọn nǹkan kan.

Ọpọlọ ni ibi tí MJF-R21 ti ń já ènìyàn kulẹ̀. Rab10 tó ní phosphate kéré níbẹ̀, MLi-2 kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ mú un wálẹ̀, nítorí náà Rab12, Rab mìíràn tí LRRK2 ń fi phosphate sí, ni kí ẹ wò, ní Ser105 (serine ipò 105) fún eku àti Ser106 fún ènìyàn. Nínú neutrophil náà, ìyípadà R1441G nínú LRRK2 àti D620N nínú jíìnì mìíràn, VPS35, máa ń gbé ìlà Rab10 ga kedere, àmọ́ G2019S, tó wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo ìyípadà LRRK2 tó ń fa Parkinson, kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ẹ má fi ìlà tó rí bí ti ẹni tí kò ní ìyípadà sọ fún ẹnikẹ́ni pé kò ní G2019S. Fún maikirosíkópù, MJF-R21-22-5, áńtíbọ́dì mìíràn fún Thr73 kan náà, ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe èyí. Fún blot lórí neutrophil, macrophage (sẹ́ẹ̀lì ààbò ara), A549 (sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn) àti MEF (sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀ eku), ẹ ra MJF-R21, kí ẹ sì ra MLi-2 mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà.