Ryzen 9 7950X: overclock fún ẹni tí ò ṣe é rí

Tó bá jẹ́ torí overclock, ìyẹn kẹ́ ẹ lè ti gbogbo core (àwọn ẹ̀yà tó ń ṣiṣẹ́ nínú processor) sí eré kan ṣoṣo tó ju ti ilé iṣẹ́ lọ, kẹ́ ẹ wá ya screenshot máa fi yangàn lẹ ṣe fẹ́ ra Ryzen 9 7950X, ẹ fowó yín pamọ́. Àwọn AMD tó ṣe é ti fún processor yìí gbẹ kó tó wọ páálí, ìwọ̀nba tí wọ́n ṣẹ́ kù fún èmi àtẹ̀yin ò pọ̀. Àmọ́ èrè wà níbẹ̀ o, ibi tí mi ò fọkàn sí ló kàn wà: ká máa fi iná kún un kọ́, ká máa yọ iná kúrò lára ẹ̀ ni.

Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, ìgbéyàwó, ìsìnkú, àti Blender (app tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán 3D) díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ra eléyìí tó ní core 16. September 2022 ló jáde, 4.5GHz ni ìpìlẹ̀ ẹ̀, tó bá jẹ́ core kan péré ló ń ṣiṣẹ́ ó lè sáré dé 5.7GHz. Wọn kì í fi cooler, ìyẹn ohun tó ń mú un tutù, sínú páálí ẹ̀, olómi 360mm ni mo fi sí tèmi. Síbẹ̀síbẹ̀ náà, mo tan Cinebench, app tó ń fi iṣẹ́ ńlá dán gbogbo core wò pọ̀, kò pẹ́ rárá tó fi dé 95°C, díẹ̀ ló kù kí n já wáyà. Ẹ fọkàn balẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Á máa sáré lọ ni títí á fi kan 95°C tàbí 230W, èyí tó bá kọ́kọ́ kàn nínú méjèèjì ló máa dá a dúró. 170W tí wọ́n kọ sára ẹ̀ yẹn, ẹ má fi ìyẹn ra power supply o.

Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí overclock, ìyẹn kẹ́ ẹ wọ BIOS (ibi tá a ti ń ṣètò kọ̀ǹpútà kí Windows tó tan) kẹ́ ẹ lọ so gbogbo core mọ́ 5.2GHz, kò bá a mu rárá. Lóòótọ́ render, ìyẹn kí kọ̀ǹpútà gbé fídíò tẹ́ ẹ ti ṣe jáde, lè yá díẹ̀ sí i, àmọ́ ẹ ti fi 5.7 tí core kan lè dá sá tẹ́lẹ̀ ṣòfò nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yá nílẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń ṣí fáìlì, tẹ́ ẹ bá ń gé fídíò.

Ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi ni Curve Optimizer, inú PBO, ètò overclock tí AMD fúnra wọn ṣe, ló wà nínú BIOS. Ẹ ó yan negative, ẹ ó tẹ nọ́ńbà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń yọ bíi 3 sí 5 millivolt kúrò nínú voltage tí core ń gbà. Ooru á dín kù, ààyè á ṣí sílẹ̀, processor fúnra ẹ̀ á wá fi ààyè yẹn sáré sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti -10 fún gbogbo core, kẹ́ ẹ lò ó fúngbà díẹ̀ kẹ́ ẹ tó sún un síwájú. Lórí tèmi, ọ̀pọ̀ core gba -20 wọ́ọ́rọ́wọ́, àmọ́ méjì tó lágbára jù nínú wọn ò gbà ju -8 lọ, torí àwọn yẹn ni wọ́n máa ń lé dé òkè pátápátá, kò sí àfikún púpọ̀ lára wọn tá a lè yọ.

Ibi tó máa ń rú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lójú rèé: Cinebench á parí láìsí wàhálà, inú yín á dùn, ó wá di pé ẹ kàn ń ka ìròyìn jẹ́ẹ́jẹ́, ẹ ò tiẹ̀ ṣe nǹkan gidi kan, screen á kú lójijì, kọ̀ǹpútà á tún ara ẹ̀ tàn. Tí gbogbo core bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, bíi 5GHz ni wọ́n ń sá, àmọ́ tíṣẹ́ bá fúyẹ́ báyìí, core kan á fò lọ sí 5.7, ibẹ̀ ni voltage tẹ́ ẹ yọ ti máa ń hàn pé kò tó. Torí ẹ̀, ẹ má fi Cinebench búra. Ẹ lo CoreCycler, ọ̀fẹ́ ni, ó ń dán core wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kó ṣe é mọ́jú tíná bá gbà fún yín.

RAM ò gba ariwo, DDR5 6000 pẹ̀lú EXPO (ètò inú BIOS tó ń jẹ́ kí RAM sáré dé iye tí wọ́n kọ sára ẹ̀) ti tó. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ tan EXPO, screen lè ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ó ń kọ́ bó ṣe máa bá RAM sọ̀rọ̀ ni, ẹ má pa á. Kẹ́ ẹ sì ti update BIOS ṣáájú gbogbo ẹ̀ jọ̀ọ́, torí ní 2023 àwọn Ryzen 7000 kan jóná, pàápàá àwọn X3D (àwọn tí wọ́n fi cache kún), AMD wá fi gbèdéke 1.3V sí SoC voltage, ìyẹn iná tó ń lọ sí apá processor tó ń bójú tó RAM. PBO o, EXPO o, tí nǹkan bá bà jẹ́ nídìí ẹ̀, warranty ò sí níbẹ̀.

Èyí tí mo wá fẹ́ràn jù, ẹni tó ń ṣe overclock gidi máa fi mí rẹ́rìn-ín ni: Eco Mode 105W, ètò inú BIOS tó ń dín iná tí processor ń jẹ kù. Ó ń fa 230W wálẹ̀ sí 142W, render pẹ́ sí i díẹ̀ ṣá, díẹ̀ náà ni, yàrá ò gbóná bíi ti tẹ́lẹ̀, inverter ò sì ké. 65W náà wà, 88W ló ń fà, ìyẹn ẹ ó mọ̀ ọ́n lára nídìí render. Mo ti fi profile méjì pamọ́ sínú BIOS, Curve Optimizer pẹ̀lú agbára kíkún nígbà tíná bá wà, Curve Optimizer pẹ̀lú Eco tá a bá wà lórí bátìrì. Máàkì 9 nínú 10 ni mo fún un, owó cooler ló jẹ ẹyọ kan tó kù.