Títo àmì-ẹ̀yẹ ṣọ́jà lọ́dọ̀ àwọn télọ̀ Sóbì: ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó sanwó

Bí ṣọ́jà méjì bá pàdé, ipò ló ń sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ sàlúùtù. Àyà òsì, níbi tí wọ́n ń fi àmì-ẹ̀yẹ sí, ló kàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ̀wọ̀n. Kọ́pùrà tó wọ ríbọ́ọ̀nù (aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ aláràbarà tó ń bá àmì-ẹ̀yẹ rìn) ti UN, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ti sìn tó 90 ọjọ́ lẹ́yìn odi. Lẹ́fútẹ́náǹtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní iléèwé ológun Kàdúná kò ní in. Kọ́pùrà ni yóò kí i, àmọ́ ọ̀gá kékeré náà ni yóò máa bi í ní ìbéèrè. Nítorí náà, àṣìṣe télọ̀ lórí àyà kì í ṣe ọ̀ràn ẹwà lásán.

Àwọn télọ̀ tó wà nítòsí bárékè Sóbì, ní Ìlọrin, mọ yúnífọ́ọ̀mù rán. Títo mẹ́dà, ìyẹn àmì-ẹ̀yẹ onírin, ló ń ya ọ̀gá sọ́tọ̀ láàárín wọn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á béèrè ìwé àmì-ẹ̀yẹ yín kó tó gbé sísọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá ní “èwo lẹ fẹ́?”, ẹ kúrò níbẹ̀. Ṣọ́jà kò jìnnà sí ẹni tó lè bi í pé, “Ibo lo ti gba èyí?”

Àmì-ẹ̀yẹ tó ga jù gbọ́dọ̀ sún mọ́ àárín àyà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ apá. Lórí tábìlì, yóò wà lọ́wọ́ òsì télọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í jù nìyẹn: wọ́n á fi ọwọ́ ọ̀tún ara wọn to iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ á yí padà. Bí ìlà ríbọ́ọ̀nù bá ju ẹyọ kan lọ, èyí tí kò kún ló ń wà lókè, láàárín gbùngbùn. Ìwọ̀n ríbọ́ọ̀nù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 32 mìlímítà, ti Amẹ́ríkà 35; bí wọ́n bá dà wọ́n pọ̀, ìlà á wọ́.

Ní ti mẹ́dà gan-an, ọ̀nà méjì ló wà. Èyí tó kàn ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ kò wọ́n, ṣùgbọ́n á máa kọlu ara wọn ní páréèdì, etí wọn á máa ha. Èkejì, wọ́n á fi bọ́kírámù, aṣọ líle, ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, ríbọ́ọ̀nù á bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n á sì rán mẹ́dà mọ́ ọn kó má baà mì. Ríbọ́ọ̀nù tó ń jẹ pọ̀ díẹ̀, àmọ́ òun ló yẹ ẹni tó ní ju mẹ́ta lọ. Àwa kò ní gba ti àkọ́kọ́ fún ẹnikẹ́ni tó ń to páréèdì.

Píìnì ni àléébù wọn: ẹyọ kan ni wọ́n sábà máa ń fi sí i, báà, irin tí mẹ́dà so mọ́, á sì tẹ̀ síwájú. Ẹ ní kí wọ́n fi méjì. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi Brasso, oògùn tí wọ́n fi ń dán idẹ, nu mẹ́dà àwọn bàbá tó ja ogun 1967 sí 1970. Ó ń jẹ ojú rẹ̀. Ọjọ́ Ìrántí àwọn ọmọ ogun ni 15 Oṣù Kìíní, èrò á pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ tètè gbé tiyín lọ ní Oṣù Kọkànlá.