Pàrá (paracetamol), ibuprofen àbí Alábùkún: èwo lẹ fẹ́ rà gan-an?

Ẹ dé kẹ́mísìtì ní Sábo níbí ní Ìkòròdú, kẹ́ ẹ kàn ní "ẹ fún mi lóògùn ara ríro", èyí tó bá sún mọ́ wọn lọ́wọ́ ni wọ́n máa já fún yín jàre. Èmi náà ò bìkítà tẹ́lẹ̀, àfi ọjọ́ tí mo bọ́ọ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Gáréèjì lẹ́yìn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12, ẹ̀yìn ń dùn mí bí ẹni tó ru sìmẹ́ńtì, mi ò jẹun látàárọ̀, mo wá da ibuprofen méjì sẹ́nu. Yéè! Ọgbẹ́ inú tí mo ti gbàgbé ló jí, mi ò fojú kan oorun mọ́jú. Oògùn ò jẹ̀bi o, èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò.

Ní báyìí, pàrá ni mo kọ́kọ́ máa ń nawọ́ sí. Ẹ̀fọ́rí, ara gbígbóná, ara ríro wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó kájú ẹ̀, kì í sì í da inú láàmú. Àmọ́ nǹkan tó bá wú, pàrá ò ní mú un fà. Àgbàlagbà ò gbọ́dọ̀ lò ju hóró 500mg mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24, torí ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́, ó sì lè má ro yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ibi tí wọ́n ti ń mú wa rèé: Panadol, pàrá náà ni. Panadol Extra, pàrá náà ni, kaféènì 65mg ni wọ́n fi lé e. Ẹlòmíì á lo pàrá méjì, á fi Extra méjì lé e, á tún mu oògùn ọ̀fìnkìn tó ní pàrá nínú, á ní òun lo oògùn mẹ́ta, kẹ̀ ẹ́ rí i, oògùn kan náà ni! Ẹ máa ka ara páálí o.

Eyín dídùn, ẹsẹ̀ tó rọ́, inú rírun nǹkan oṣù, ibuprofen ni mo fún ní máàkì níbẹ̀, torí ó ń mú wíwú lọ. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lò ó. Aláboyún, ẹni tí kídìnrín ń yọ lẹ́nu, ẹni tó ń loògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ bi dókítà ná. Ẹ má pa á pọ̀ mọ́ diclofenac, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Alábùkún ńkọ́? Ọmọ Ìkòròdú tiwa, Jacob Odulate, ló ṣe é l'Ábẹ́òkúta lọ́dún 1918, inú mi máa ń dùn tí mo bá rí i. Aspirin àti kaféènì ni, ẹ̀fọ́rí mọ̀ ọ́n dáadáa. Àmọ́ ọlọ́gbẹ́ inú bíi tèmi, rárá, ọmọ tí ò tíì pé 16 náà, ẹ má fún un.

Pàrá ló wà nínú báàgì mi báyìí. Ibuprofen wà ní kíṣìnnì, ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ọbẹ̀ gan-an ni mo gbé e sí.