Ìkìlọ̀ fún àwa tí a ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ ní Òṣogbo: ẹja tó ń tà yẹn kì í ṣe payara

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ fura. Ọkùnrin kan wà tó ń polówó ẹja payara lórí WhatsApp, ₦85,000 fún ẹyọ kan. Kò ní ṣọ́ọ̀bù. Á ní kí ẹ kọ́kọ́ fi ìdajì owó ránṣẹ́, kí ẹ wá pàdé òun lẹ́bàá Ọlá-Ìyá lálẹ́, á sì gbé ẹja lé yín lọ́wọ́ nínú ọ̀rá dúdú. Mo ti fojú ara mi rí méjì nínú àwọn tó tà, ọ̀kan nílé ẹ̀gbọ́n mi kan ní Òkè-Báálẹ̀, èkejì lọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan ní Dada Estate. Kò sí payara nínú méjèèjì. Ẹja odò Áfíríkà ni wọ́n.

Gúúsù Amẹ́ríkà ni payara ti ń wá, nínú odò Amazon àti Orinoco, níbi tí omi ti ń fi agbára ṣàn. Ara rẹ̀ funfun, ó ń dán, ó sì pẹlẹbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹnu rẹ̀ kọjú sókè. Eyín ńlá méjì ló yọ gọngọ láti àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Tó bá pa ẹnu dé, eyín méjèèjì á wọnú ihò tó wà fún wọn lágbọ̀n òkè, bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ àkọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ wò. Eyín méjì, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹja tó ń gbé piranha, ẹja eléyín mímú nì, mì ni o, kì í ṣe ẹran ọ̀sìn ọmọdé.

Ti ẹ̀gbọ́n mi ní Òkè-Báálẹ̀ ńkọ́? Eyín pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lóòótọ́, ó sì dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n lókè nísàlẹ̀ ni wọ́n tò sí, wọ́n wọ inú ara wọn, èèyàn sì ń rí gbogbo wọn níta nígbà tó pa ẹnu dé pàápàá. Ilà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sí ìrù, lẹbẹ ìrù náà sì pupa. Ìyẹn tigerfish, Hydrocynus, tó wà nínú Odò Ọya, tí àwọn apẹja Kàìnjì ń pa tà fún jíjẹ. Èkejì gùn, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, àbàwọ́n wà lára rẹ̀, ilà dúdú sì gba ẹ̀yìn ojú rẹ̀ lọ. Lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ sún mọ́ ìdí ìrù. Hepsetus nìyẹn. Ẹja yìí máa ń fi ìfóófòó kọ́ ìtẹ́ sójú omi fún ẹyin rẹ̀, èmi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ₦85,000 kọ́! Ọmọkùnrin yẹn tú u sínú gíláàsì (àpótí omi tí a fi ń sin ẹja) kan náà pẹ̀lú àwọn goldfish kéékèèké rẹ̀. Nígbà tílẹ̀ máa mọ́, ẹja kan ṣoṣo ló kù, ikùn rẹ̀ sì yọ.

Ẹ má jẹ́ kí fídíò tàn yín. Payara tòótọ́ ló wà nínú fídíò tó ń fi ránṣẹ́, ẹlòmíì ló ni ín. Ẹ wo ògiri ẹ̀yìn gíláàsì náà dáadáa: sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà níbẹ̀ jẹ́ irú ti Amẹ́ríkà, olójú pẹlẹbẹ méjì. Mo ní kó kọ ọjọ́ òní sórí bébà, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, kó wá ya fídíò míì. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Mo tún bi í ní ìwé àjọ NAQS, torí àwọn ló ń yẹ irú ẹja ààyè bẹ́ẹ̀ wò tó bá ń wọ ilẹ̀ wa. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ló gbé e wá nínú báàgì. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà! Lẹ́yìn ìyẹn ló bulọ́ọ̀kì mi.

Ọgbọ́n ọ̀rá dúdú yẹn ló burú jù. Á ní kí ẹ má ṣí i títí ilẹ̀ á fi mọ́, pé ìmọ́lẹ̀ máa ń já ẹja náà láyà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, torí payara máa ń ta gìrì, ó sì lè fi ẹnu gbá gíláàsì. Ṣùgbọ́n kílẹ̀ tó mọ́, owó ti lọ. Tí ẹ bá pè é, á ní omi yín ló burú, pé ẹ̀yin lẹ yí ẹja òun padà.

Ó tún ń sọ pé kò ní dàgbà ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Irọ́ gbuu. Wọ́n fi ìwọ̀ mú ọ̀kan ní Venezuela lọ́dún 1996 tó wọn kílò 17.8. Bó tiẹ̀ jẹ́ payara gidi ló gbé wá, èmi ò ní rà á: ẹja omi tó ń fi agbára ṣàn ni, kì í lè fara da àìsí afẹ́fẹ́ nínú omi tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ bá kú, àwa náà sì mọ bí iná ṣe ń ṣe wá nílùú yìí.

Ẹni tó ti kó sí i lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìbínú da ẹja náà sódò Ọ̀ṣun, ẹ wá ẹni tó ní gíláàsì ńlá fún. (Ìlú tí ẹja wà nínú ìtàn ìtẹ̀dó rẹ̀, tí a kì í pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun, ibẹ̀ lèèyàn ti wá ń fi ẹja lu jìbìtì!) Ẹ tọ́jú rìsíìtì tiransífà àti ohùn rẹ̀ tó wà lórí fóònù yín, kí ẹ tètè kàn sí báǹkì yín kí ẹ tó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Àjọ FCCPC náà ń gba ẹ̀sùn oníbàárà.

Ó ti pààrọ̀ nọ́ńbà, àmọ́ fídíò yẹn náà ló ṣì ń lò. Ẹni tó ti san ìdajì, kó má san ìyókù láìjẹ́ pé ó ti tan iná sí ẹnu ẹja náà níṣojú ẹni tó ń tà á.